Hydrangea mi ń yọ ewé, kì í yọ òdòdó: kí ni òtútù ń pa lára rẹ̀?

Olùkàwé kan béèrè pé: "Níbi tí mò ń gbé, òru tó bá tutù jù lọ́dún máa ń tó -21°C. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti gbin hydrangea eléwé fẹ̀ǹfẹ̀, irú èyí tí òdòdó rẹ̀ máa ń ní àwọ̀ búlúù. Lọ́dọọdún ló ń hù láti ìdí, ewé rẹ̀ á pọ̀, á sì máa dán, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí òdòdó kan lórí rẹ̀. Sóònù 6 ni wọ́n kọ sára rẹ̀ nígbà tí mo rà á, sóònù 6 náà ni ibi tí mo wà. Ṣé kí n hú u dànù? Camellia, igi olódòdó tí ewé rẹ̀ kì í wọ́, tún wà lọ́kàn mi, àmọ́ sóònù 7 ni wọ́n kọ sára tirẹ̀. Ṣé kí n gbàgbé rẹ̀ ni?"

Ẹ kú iṣẹ́ ọgbà o. Ẹ má tíì hú u. Igi yín ò ṣàìsàn, ó dẹ̀ ń rudi lọ́dọọdún. Òtútù ló ń pa ìrudi náà kí ọjọ́ àtitanná rẹ̀ tó pé. Ohun tó yẹ ká wádìí ni ẹ̀yà ara rẹ̀ tí òtútù ń pa àti àkókò tó ń pa á, torí àkókò tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù kọ́ ló sábà máa ń ṣe é léṣe.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Inú máàpù tí iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà, USDA, ṣe ni sóònù yìí ti wá. Wọ́n á wo òru kan ṣoṣo tó tutù jù lọ́dún, wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ fún 30 ọdún, wọ́n á wá mú ìpíndọ́gba rẹ̀. Ibi tí ìpíndọ́gba náà bá bọ́ sí àárín -23.3°C àti -17.8°C ni wọ́n ń pè ní sóònù 6. Ìpíndọ́gba ni o. Ọdún máa ń wà tí òtútù á kọjá rẹ̀ dáadáa, kò sì sẹ́ni tó ṣèlérí fún igi pé irú ọdún bẹ́ẹ̀ ò ní dé. Máàpù tí wọ́n gbé jáde ní 2023 lo àkọsílẹ̀ ọdún 1991 sí 2020, nǹkan bí ìdajì orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ló sì bọ́ sí ìdajì sóònù tó móoru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ olùtọ́jú ọgbà sáré lọ ra igi tí wọn kì í rà tẹ́lẹ̀. Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni má rà á, ṣùgbọ́n òru kan péré tó bá burú lè mú gbogbo wọn lọ.

Ohun tí nọ́ńbà yẹn ò sọ ló kàn yín jù. Tí wọ́n bá ní igi kan lè gbé ní sóònù 6, ohun tí wọ́n sábà ń sọ ni pé kò ní kú níbẹ̀. Wọn ò sọ pé yóò tanná. Lára igi kan ṣoṣo, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n òtútù tó lè gbà. Ẹ̀ka tó ti gbó ló sábà máa ń le jù, ìrudi ewé tẹ̀ lé e, ìrudi òdòdó sì máa ń kú ṣáájú àwọn méjèèjì. Gbòǹgbò gan-an ò le tó ẹ̀ka. Erùpẹ̀ tó bò ó ló ń gbà á là. Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i, kó lọ wo forsythia, igi kékeré olódòdó kan, ní ìgbà ìrúwé lẹ́yìn ọ̀gìnnìtìn tó le. Ibi tí yìnyín bò mọ́lẹ̀ lára rẹ̀ á kún fún òdòdó aláwọ̀ ìyeyè, á yí ìdí igi náà po bí ìró. Láti ibi tí yìnyín pin sí dé òkè, ewé nìkan ni ẹ máa rí. Ẹ̀ka òkè yẹn ò kú, ìrudi ewé orí rẹ̀ ò kú. Ìrudi òdòdó nìkan ló bá òtútù lọ.

Ìṣòro tiyín tún ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Hydrangea macrophylla, irú tiyín yìí, máa ń ṣe ìrudi òdòdó rẹ̀ láti ìparí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọ ìgbà ìwọ́wé, sórí ẹ̀ka tó hù lọ́dún yẹn, pàápàá sí ṣóńṣó orí ẹ̀ka. Ìrudi náà á wá wà lórí igi tí kò léwé, nínú atẹ́gùn, títí gbogbo ọ̀gìnnìtìn fi máa kọjá, kó tó tanná lọ́dún kejì. Tí òtútù bá pa ẹ̀ka yẹn dé ilẹ̀, gbòǹgbò á ta ẹ̀ka tuntun, ewé á bo gbogbo ibẹ̀, ọdún á sì parí láìsí òdòdó. Ohun tí ẹ ń rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹ tún bi ara yín léèrè bóyá ẹnì kan máa ń gé ẹ̀ka rẹ̀ ní ìgbà ìwọ́wé tàbí níbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé, torí pé ó rí bí igi gbígbẹ lójú. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, àlùmọ́gàjí ló ń gé òdòdó yín dànù, a ò tíì lè fẹ̀sùn kan òtútù.

Irú hydrangea míì wà tí kò ní wàhálà yìí rárá. Hydrangea paniculata àti Hydrangea arborescens, irú bí 'Annabelle', orí ẹ̀ka tó bá hù lọ́dún náà gan-an ni wọ́n ti máa ń tanná. Òtútù sóònù 4 kì í ṣe wọ́n ní nǹkan. Kódà tí ẹ bá gé arborescens mọ́lẹ̀ ní ìparí ọ̀gìnnìtìn, yóò hù, yóò sì tanná kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Buddleja davidii, igi olódòdó míì. Lagerstroemia, tó jẹ́ igi olódòdó, pẹ̀lú: ní sóònù 6 òtútù lè pa á dé ìdí, kó tún hù, kó sì tanná bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ bá gùn tó, tó sì gbóná tó. Nítorí náà, tí mo bá fẹ́ ra igi tí agbára rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ká òtútù ibi tí mo wà, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé: ṣé orí ẹ̀ka ọdún yìí ló ti ń tanná ni, àbí orí ẹ̀ka ọdún tó kọjá? Ìdáhùn yẹn wúlò fún mi ju nọ́ńbà sóònù lọ.

Àwọn kan wà láàárín méjèèjì. Ní 1998, Michael Dirr, onímọ̀ igi, kíyè sí hydrangea kan ní Bailey Nurseries, iléeṣẹ́ tó ń gbin igi tà ní Minnesota, níbi tí òtútù ti le gan-an, tó ṣì ń yọ òdòdó lórí ẹ̀ka tuntun. Òun ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 2004 pẹ̀lú orúkọ Endless Summer. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìpolówó ọjà ràn yín lọ. Òdòdó orí ẹ̀ka tuntun rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó dé, kì í sì í pọ̀ tó ti orí ẹ̀ka àtijọ́. Ẹni tó bá gbin òun náà ṣì ní láti dáàbò bo ẹ̀ka rẹ̀ tó bá fẹ́ kó kún fún òdòdó.

Ọ̀rọ̀ wá kan àkókò. Igi kì í ṣàdédé ní agbára tó fi ń dúró de òtútù. Tí òru bá ti ń gùn sí i, á kọ́kọ́ dá híhù dúró. Tí ojú ọjọ́ bá wá ń sún mọ́ ibi tí omi ti ń dì, á kó ṣúgà jọ sínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, awọ sẹ́ẹ̀lì náà á yí padà, débi pé tí omi bá máa dì, àárín sẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì ló ti máa dì, inú sẹ́ẹ̀lì gan-an ò ní dì. Omi tó bá dì sínú sẹ́ẹ̀lì ló ń pa á. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni igi fi ń kó agbára yìí jọ, àmọ́ ọjọ́ díẹ̀ tí oòrùn bá mú lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí igi tó gba -18°C mọ́ra ní oṣù January fi lè kú ní -5°C ní oṣù October, nígbà tí kò tíì múra tán, tàbí ní oṣù April, nígbà tó ti jí. (Ìdajì ayé lápá àríwá ni mo fi ń ka oṣù o, ẹni tó wà lápá gúúsù, kó yí i padà.)

Hydrangea macrophylla wà lára àwọn tó máa ń tètè jí. Ọ̀sẹ̀ kan tó bá móoru ní oṣù March, ìrudi rẹ̀ á ti wú, á ti fi àmì ewé tútù hàn. Ìrì dídì kan ṣoṣo lẹ́yìn ìyẹn ti tó. Èèyàn á ní òtútù January ló pa á, nígbà tó jẹ́ pé ó la January já, oṣù April ló kú.

Ẹ lè mọ èyí tó ń ṣẹlẹ̀ sí tiyín. Ní ìparí February, ẹ mú ìrudi mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lára igi náà, ọ̀kan láti ṣóńṣó, ọ̀kan láti àárín ẹ̀ka, ọ̀kan láti ìtòsí ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà nínú ilé mọ́jú kí omi inú wọn yọ́, kẹ́ ẹ wá fi abẹ tó mú là wọ́n láti orí dé ìdí. Èyí tó wà láàyè, inú rẹ̀ á tutù yọ̀yọ̀, ewé wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ á ká lé ara wọn. Èyí tó ti kú, àárín rẹ̀ á ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tàbí kó dúdú, nígbà míì èèpo òde rẹ̀ á ṣì dára, èèyàn ò ní fura. Tó bá jẹ́ rhododendron, igi olódòdó míì, ni ẹ là, ẹ lè rí ìrudi kan tí àwọn òdòdó kéékèèké inú rẹ̀ kan kú, tí àwọn yòókù ṣì tutù. Ìyẹn náà á tanná, àmọ́ á ṣófo lápá kan. Ẹ tún àyẹ̀wò yìí ṣe ní ìparí April. Tí ìrudi bá wà láàyè ní February tó sì ti kú ní April, ọ̀gìnnìtìn kọ́ ni ọ̀tá yín, ìgbà ìrúwé ni, ìtọ́jú tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe sì yàtọ̀.

Láti ìdajì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ ti ṣíwọ́ fífi ajílẹ̀ tó ní náítírójìn sí i. Ajílẹ̀ àfipẹ́ máa ń mú kí ẹ̀ka rírọ̀ hù lásìkò tó yẹ kí igi máa palẹ̀ mọ́. Gígé ẹ̀ka láàárín ìparí ẹ̀ẹ̀rùn sí ìgbà ìwọ́wé ń ṣe ohun kan náà. Omi ní tirẹ̀, ẹ má ṣe dá a dúró: tí ilẹ̀ bá gbẹ ní ìgbà ìwọ́wé, ẹ bu omi sí i kó wọlẹ̀ dáadáa kí ilẹ̀ tó dì. Igi tó bá wọ inú òtútù pẹ̀lú òùngbẹ kì í pẹ́ bàjẹ́. Àmọ́ ilẹ̀ tí omi ń dúró sí ní ọ̀gìnnìtìn burú ju gbígbẹ lọ. Gbòǹgbò á rà, ẹni tó ni igi á sì rò pé òtútù ni.

Fún bíbò, ọ̀nà tó dára jù fún hydrangea rèé. Ẹ dúró kí ewé wọ́ tán, kí ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ẹ fi okùn rírọ̀ kó àwọn ẹ̀ka jọ láìfún wọn pa. Ẹ ri òpó mẹ́rin yí i ká, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì wáyà yí àwọn òpó náà po kó ga ju ẹ̀ka tó ga jù lọ, kẹ́ ẹ wá da ewé gbígbẹ kún inú rẹ̀ títí yóò fi bo ṣóńṣó ẹ̀ka mọ́lẹ̀ ní 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà. Ewé igi oak dára gan-an torí kì í tètè lẹ̀ mọ́ra tí òjò bá pa á. Ewé tó bá lẹ̀ mọ́ra kò ní afẹ́fẹ́ nínú, afẹ́fẹ́ tó há sáàárín ewé ló sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi àpò ìdọ̀họ bo orí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rá bò ó. Oòrùn ọ̀sán á sọ abẹ́ ọ̀rá di gbígbóná, igi á jí, òru á dé, òtútù á bá a lójúfò. Tí ẹ̀ka rẹ̀ bá ṣeé tẹ̀, ọ̀nà míì wà tí mo fẹ́ràn níbi tí yìnyín ti máa ń pọ̀: ẹ rọra tẹ ẹ̀ka mọ́lẹ̀, ẹ fi òkúta tàbí igi pàlà tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ẹ da ewé lé e, kí yìnyín wá bò ó. Abẹ́ yìnyín tó nípọn máa ń móoru ju afẹ́fẹ́ òkè lọ púpọ̀.

Ṣíṣí i ló le ju bíbò lọ. Ìrudi tó ti wà lábẹ́ ewé máa ń rọ̀ ju èyí tó wà níta lọ, torí náà ẹ má ṣe kó gbogbo rẹ̀ kúrò lọ́jọ́ kan nítorí pé oòrùn ràn. Ẹ máa bù ú kúrò láti òkè díẹ̀díẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lọ́jọ́ tí kùrukùru bá wà dípò ọjọ́ tí oòrùn mú. Tí ẹ bá sì fi í sílẹ̀ pẹ́ jù, ẹ̀ka tó funfun, tí kò lágbára, ló máa hù nínú òkùnkùn yẹn. Àpò ìdọ̀họ yẹn, ẹ má tíì gbé e pa mọ́. Ẹ jẹ́ kó wà nítòsí títí ìrì dídì ìkẹyìn fi máa kọjá, kẹ́ ẹ lè fi bo igi lálẹ́ tí wọ́n bá kéde òtútù, kẹ́ ẹ sì ká a kúrò láàárọ̀.

Ibi tí igi dúró sí lè ṣe ohun tí gbogbo aṣọ ò lè ṣe. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo, ó máa ń ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ bí omi, ó sì máa ń dúró sí kòtò tàbí sẹ́yìn ògiri tó bá dí i lọ́nà. Igi tó wà ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lè rí ìrì dídì lóru tí èyí tó wà ní òkè díẹ̀ ò rí nǹkan kan. Ògiri ilé máa ń tú ooru tó gbà lọ́sàn-án jáde lóru, ìyẹn sì ń ran igi tí òtútù àárín ọ̀gìnnìtìn ń pa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tí àyẹ̀wò yín bá fi hàn pé oṣù April ni ìrudi ń kú, ògiri tó dojú kọ oòrùn á wulẹ̀ tètè jí i ni. Irú igi bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ àríwá ilé tàbí ibòji ló yẹ kó wà, kó lè sùn pẹ́. Ìmọ̀ràn pé "ẹ gbìn ín síbi tó móoru jù" kì í ṣe ìmọ̀ràn tó bá gbogbo igi mu, ó sì ń dùn mí bí mo ṣe ń rí i níbi gbogbo.

Ẹni tó gbin tirẹ̀ sínú ìkòkò ní láti mọ̀ pé inú ìkòkò máa ń tutù bíi ti ìta gan-an, gbòǹgbò ló sì máa kọ́kọ́ kú. Ó dáa kí irú igi bẹ́ẹ̀ le ju ibi tẹ́ ẹ wà lọ ní sóònù méjì, àbí kẹ́ ẹ gbé e wọ inú gáréèjì tí kò ní hítà kó lè sùn níbẹ̀, kẹ́ ẹ máa bu omi díẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ti camellia, ẹ má gbàgbé rẹ̀, àmọ́ ẹ má ra èyí tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ rí. Ìtàn kan wà níbẹ̀ tó máa ń wú mi lórí. Nígbà ọ̀gìnnìtìn líle tó wáyé ní ìparí àwọn ọdún 1970, òtútù pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn camellia tí wọ́n kó jọ sí U.S. National Arboretum, ọgbà ìwádìí igi tó wà ní Washington. William Ackerman, tó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí níbẹ̀, rí i pé Camellia oleifera kan, èyí tí wọ́n wá ń pè ní 'Lu Shan Snow', ò ṣe bí ẹni pé òtútù kankan wá. Ó fi í gba irúgbìn pẹ̀lú àwọn camellia tí òdòdó wọn lẹ́wà jù. Inú iṣẹ́ yẹn ni àwọn bíi 'Winter's Star' àti 'Winter's Charm' ti jáde. Clifford Parks náà ṣiṣẹ́ lórí Camellia japonica ní North Carolina, àwọn tirẹ̀ sì ni wọ́n ń fi "April" bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn. Irú iṣẹ́ yìí náà ni Yunifásítì Minnesota ṣe lórí azalea, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn Northern Lights jáde ní 1978, tí ìrudi òdòdó wọn ń gba -34°C mọ́ra. Òógùn àwọn èèyàn wọ̀nyí ló jẹ́ kí ìbéèrè yín ní ìdáhùn lónìí.

Láàárín oríṣi camellia méjèèjì, ti Ackerman (àwọn Winter) àti ti Parks (àwọn April), ẹ wo bí ìgbà ìwọ́wé yín ṣe rí kẹ́ ẹ tó yàn. Àwọn Winter máa ń tanná ní ìgbà ìwọ́wé, nítorí náà ìrudi wọn ò ní láti la ọ̀gìnnìtìn kọjá. Àǹfààní ńlá nìyẹn, bí òtútù líle ò bá tètè dé lọ́dọ̀ yín. Tó bá jẹ́ pé oṣù October ni ìrì dídì ti máa ń le, àwọn April ni kẹ́ ẹ mú. Èyí yòówù kó jẹ́, ìgbà ìrúwé ni kẹ́ ẹ gbìn ín kì í ṣe ìgbà ìwọ́wé, kí gbòǹgbò rẹ̀ ti rinlẹ̀ kí òtútù tó dé. Ẹ ra èyí tó ti tóbi díẹ̀, torí ọmọ igi kì í le tó àgbà. Ẹ gbìn ín síbi tí atẹ́gùn ò ti ń fẹ́ gbá a, tí oòrùn àárọ̀ ò sì ti ní bọ́ sórí ìrudi tó ṣì dì. Ewé rẹ̀ kì í wọ́, ó máa ń pàdánù omi lọ́jọ́ tí oòrùn ràn tí ilẹ̀ sì dì, nítorí náà ó nílò ìbòòji nígbà ọ̀gìnnìtìn ju bó ṣe nílò rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Ẹ fi ewé tàbí èèpo igi bo ilẹ̀ ìdí rẹ̀ ní 10 sẹ̀ǹtímítà, àmọ́ kó má kan ọ̀pá rẹ̀. Fún ọ̀gìnnìtìn méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ fi àpò ìdọ̀họ ṣe ọgbà yí i ká.

Hydrangea yín ńkọ́? Ẹ fi àlùmọ́gàjí sílẹ̀ lọ́dún yìí, ẹ là ìrudi wò ní February àti April bí mo ṣe wí, ẹ sì fi ewé bò ó fún ọ̀gìnnìtìn méjì. Nínú ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ kan tàbí méjì, kẹ́ ẹ gbìn ín sínú ìkòkò kékeré kó ta gbòǹgbò, kí ọ̀kan lè máa sùn nínú gáréèjì bí òru burúkú bá dé bá ìyá rẹ̀ níta. Tó bá wá di ìgbà ìrúwé, tí ẹ̀ka rẹ̀ rí bí òkú igi, ẹ fi èékánná ha èèpo rẹ̀ wò láti ṣóńṣó wá sísàlẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí àwọ̀ ewé tútù lábẹ́ èèpo, ibẹ̀ ni ìyè wà. Òkè ibẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ gé, ìyẹn pàápàá lẹ́yìn tí ewé bá ti hàn dáadáa, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ọ̀gìnnìtìn méjì bá kọjá pẹ̀lú gbogbo èyí tí òdòdó ò sì yọ, ẹ fi ibẹ̀ fún paniculata.